Ìyá Àgbà Kọ Ẹ̀yìn sí Ìtàgé

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyá àgbà mi dìde nínú gbọ̀ngàn eré kan ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n yí padà, tí wọ́n sì kọjú sí ògiri. Lórí ìtàgé, àǹtí mi, ọmọ bíbí inú wọn, ń kọrin ikú.

Ọ́pẹ́rà ni eré náà. Àwọn kan rò pé eré tó kàn ní orin nínú ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Orin ni wọ́n fi ń kí ara wọn níbẹ̀, orin ni wọ́n fi ń jà, orin náà ni wọ́n sì fi ń kú.

Ikú yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Nílé wa ní Ìkòròdú, èèwọ̀ ni kí òbí wo òkú ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá àgbà ń rin ewùrà tí a fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́, èmi ń ṣa egungun kúrò lára ẹja gbígbẹ, nígbà tí àǹtí mi tún wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wo eré náà.

"Ṣé gbogbo eré ni wọ́n ti máa ń pa ọ́ ni? Kí lo ṣe fún wọn?"

"Màmá, ohùn tí mo ní ni. Àwọn olóhùn tín-ín-rín ni wọ́n máa ń pa."

"Mi ò lè wo òkú ẹ, eré ni o, òótọ́ ni o."

Àǹtí mi ò bá wọn jiyàn. Wọ́n kàn ní, "Ẹ ò tíì gbọ́ mi rí, Màmá," wọ́n sì lọ láìjẹun.

Ìyá àgbà rin ewùrà díẹ̀ sí i, ọwọ́ wọn wá dúró. "Ìwọ, lọ wẹ̀. Ìwọ ló máa bá mi wò ó. Èmi á gbọ́."

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, ìyá àgbà yan ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n má baà dí ẹnikẹ́ni lójú.

Bí wọ́n ṣe kọjú sí ògiri, ọ̀dọ́kùnrin tó ń júwe àga fún èèyàn sún mọ́ wa. "Màmá, iwájú ni ìtàgé wà o."

"Mo mọ̀. Ọmọ mi ló ń kú níbẹ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn àǹtí mi ń gòkè. Ọwọ́ ìyá àgbà, tó ṣì ní òórùn ewùrà díẹ̀, wà léjìká mi.

"Ṣé ó ti kú?"

"Wọ́n ń kú lọ́wọ́, mà."

"Ó pẹ́ o. Èémí ẹ̀ gùn."

Lẹ́yìn náà, ohùn yẹn dá. Ọwọ́ ìyá àgbà fún mi léjìká títí ó fi ń dùn mí. Aṣọ ìtàgé wálẹ̀, ó tún gòkè, àǹtí mi sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde.

"Wọ́n ti dìde, mà."

Ìyá àgbà yí padà. Wọ́n dúró kí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, wọ́n wá ki oríkì ọmọ wọn láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, láìkánjú, dé òpin. Àwọn òṣèré yòókù ń tẹrí ba lórí ìdúró. Àǹtí mi kúnlẹ̀.

Èmi náà ti di òbí. Àwọn ọmọ mi ti yan ohun tí ojú mi ò gbà. Mo máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, mo máa ń wá ìlà ẹ̀yìn jókòó sí, mo sì máa ń tẹ́tí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ ọ lára ìyá àgbà mi. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ lè wò ó, ẹ ṣáà lọ.