Ògiri Tó Ń Dáhùn

Bí irin bá kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, bàbá bíríkìlà kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Kò sí ilé tí wọ́n wọ̀ tí wọn kì í fi òrùka ọwọ́ wọn kan ògiri, kí wọ́n sì gbé etí lé e.

Láwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ń tún Dùgbẹ̀ ṣe, wọ́n fẹ́ wó ilé amọ̀ àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì onígíláàsì. Opó tó ni ín ti di ẹrù tán. Bàbá bíríkìlà yìí kan ògiri náà.

"Eléyìí ṣì ń dáhùn. Ẹ pààrọ̀ páànù, ẹ tún un rẹ́."

Àwọn tó fẹ́ wó o gbà. Opó náà tú ẹrù ẹ̀ padà.

Mo béèrè ohun tí wọ́n ń gbọ́. "Rẹ́ ògiri fún ogójì ọdún ná," ni wọ́n wí.

Nígbà tí a kó dé ilé búlọ́ọ̀kù tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Bódìjà, wọ́n wá kí wa. Wọ́n kan ògiri pálọ̀, wọ́n ní ó dáa. Ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n kàn án, wọ́n tún un kàn, wọ́n wá bọ́ òrùka sápò.

"Ta ló ń sùn síbí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Lọ ká ẹní rẹ."