Ọkùnrin tó Kọ̀ tí Kò Kúrò Lórí Ìlà Kékeré

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdébìnrin ní Ọ̀jọ́ níbí, tí igbó ṣì dí láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé ọ̀nà Ìbà, àwọn ọdẹ máa ń díje ìbọn yíyìn lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun igbó tán. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìtàn àtijọ́ máa ń dùn mọ́ yín. Èyí kì í dùn mọ́ èmi. Inú ń bí mi, ó sì ti ń bí mi kí wọ́n tó bí ìyá yín.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi ẹfun kun àgbọn, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n á wá fa ìlà méjì sílẹ̀. Ìlà ńlá wà lókèèrè, ti àwọn tó ti mú ìrù ẹran ńlá lọ fi han olórí ọdẹ ni. Ìlà kékeré sún mọ́ igi, ibẹ̀ ni ẹni tí kò tíì pa ẹran ńlá rí máa ń dúró. Ẹni tó bá borí ní ìlà kékeré á gba òbúkọ kan, òun nìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á sì gbà láàyè kó ṣọdẹ nínú igbó ńlá lọ́dún yẹn. Ìbọn pàápàá ní òfin tirẹ̀. Ṣakabùlà nìkan ni wọ́n ń gbà, bó ṣe ti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ jáde gan-an, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àyálò.

Ìlà kékeré ni bàbá mi wà. Wọ́n mọ ìbọn yìn, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ọkùnrin kan ládùúgbò wa ń fi díẹ̀ ta wọ́n yọ. Ẹ má bínú o, n ò ní pe ọkùnrin yẹn ní “wọ́n”. Ó dàgbà jù mí lọ fíìfíì, àgbà náà sì ṣe òfò lára rẹ̀. Òun ló ń gba òbúkọ, òun ló ń wọ igbó ńlá, á sì padà wá sọ pé òun ò rí ẹran ńlá kankan pa. Àwa ń jẹ òkété etí oko. Ìyá mi á gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á wo bàbá mi, bàbá mi á máa wo ilẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìdí ìbọn bàbá mi là nígbà òjò. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló júwe káfíńtà kan fún wọn ní Ìbà, ó ní alágbẹ̀dẹ máa fi owó wọn ṣòfò. Káfíńtà fi igi tuntun sí i, ó ń dán gbinrin. Lọ́jọ́ ìdíje, bí bàbá mi ṣe gbé ìbọn sókè báyìí, ọkùnrin náà nawọ́. Ó ní, “Ẹ yẹ ìdí ìbọn yẹn wò. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kọ́ ló ṣe é.”

Olórí ọdẹ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní kí bàbá mi bọ́ kúrò lórí ìlà. Bàbá mi kígbe pé, “Ṣebí ìwọ lo júwe káfíńtà fún mi!” Ó rẹ́rìn-ín ni o! Ó ní, “Mo júwe káfíńtà. Mo ní kó o gbé e wá síbí ni?” Ẹ gbọ́ ẹnu ènìyàn! Ó yìnbọn tirẹ̀, àgbọn fọ́ yángá.

Ìyá mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Wọ́n já wọ àárín èrò, wọ́n dojú kọ ìyàwó ọkùnrin náà. “Itan ìmàdò tí mo rí nínú agbọ̀n rẹ lọ́jà, ta ló pa á? Àbí òkú ẹran ni ọkọ rẹ ń ṣà nínú igbó tó o ń tà fún wa jẹ?”

Ha! Ìyàwó ọdẹ wo ló máa gbọ́ ìyẹn kó dákẹ́? Ta ló tún máa ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀? Obìnrin náà já gèlè, ó fi di ìdí. “Ọkọ tèmi ni wọ́n ń ṣa òkú ẹran kiri? Ìbọn kan ni wọ́n fi gbé e ṣánlẹ̀! Èyí tí wọ́n pa ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Àgbọ̀nrín ti èṣí ńkọ́?” Ó kà á títí, kó tó rí i pé ọkọ òun ti fọwọ́ bojú.

Ó ń pa ẹran ńlá, ó ń sin ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀! Ìdí ni pé àwọn ti ìlà ńlá ni wọ́n máa ń pè nígbà tí ẹfọ̀n bá ya wọ oko ní apá Okokomaiko. Ẹ̀rù ẹfọ̀n ló ń bà á, ló bá jókòó ti àwọn ẹni tí kò tó o, ó ń jẹ òbúkọ wọn.

Olórí ọdẹ gba òbúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í sórí ìlà ńlá lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹfọ̀n sì dé lóòótọ́, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Àwọn ọdẹ wá yíjú sí bàbá mi, wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń ṣe ipò kejì lọ́dọọdún, kó máa lọ sínú igbó ńlá. Ìyá mi ti ń jó. Bàbá mi ní, “Ojú ọmọ mi lẹ ti lé mi kúrò lórí ìlà. Ẹ jẹ́ kí n yìnbọn, kí n gbà á lójú rẹ̀.” Olórí ọdẹ ní òfin ò gba ìbọn yẹn. Bàbá mi gbé ìbọn wọn kọ́ èjìká, wọ́n di ilé. Wọn ò bá wọn díje mọ́ láé. Òkété la jẹ títí mo fi lọ sílé ọkọ, mo sì bínú sí bàbá mi náà, torí ìgbéraga kì í kún ìkòkò ọbẹ̀.

Ayé ti yí padà o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà lórí igbó ńlá báyìí, a sì ń gbọ́ ìró ìbọn sójà láti bárékè, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ìlà tí wọ́n dúró sí. Ọmọ-ọmọ ọkùnrin yẹn wá bá mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa bàbá àgbà òun, ògbójú ọdẹ. Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo ẹ̀ pátá. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, “Màmá, ẹ dárí jì wọ́n, ó ti pẹ́.” Mo ní kó lọ wá igbó tí bàbá mi máa wọ̀ ná.