Ibi tí Oòrùn Kì í Wọ̀

Ẹja dídì ni mo ń tà ní ọjà Ìkàrẹ́ kí n tó fi í sílẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi. Ọ̀kà la ń gbé. Láàárọ̀, n ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, n ó ra páálí kótè, n ó tà á, n ó sì padà sílé kí wọ́n tó pe ìrun Mágàríbì. Ọkọ mi ló ń pè é. Àwọn ni ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, láti ìgbà tí ojú wọn ṣì ń ríran dáadáa.

Àkọ́bí wa obìnrin kàwé. Ó kàwé títí ìwé fi gbé e dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Àntákítíkà ni wọ́n ń pè é, ìsàlẹ̀ ayé ló wà. Yìnyín ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ọjà. Ẹyẹ ló ń lọ wò. Mo bi í pé ṣé kò sí ẹyẹ ní Ọ̀kà ni. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n irú èyí kò sí. Mo ní ó dáa.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kan sọ fún ọkọ mi ní mọ́ṣáláṣí pé ní ìgbà tí ọmọ wa máa ń lọ sí ibẹ̀ yẹn, oòrùn kì í wọ̀. Ó wà lókè bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọkọ mi kò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n wá pè mí.

“Bí oòrùn kò bá wọ̀, kò sí Mágàríbì. Bí kò bá sí Mágàríbì, ọmọ rẹ kì í kírun.”

Nígbà tó gboyè, ọmọ àwọn ni. Ó ti wá di ọmọ mi.

Nígbà tó wálé lọ́dún yẹn, bó bá kí wọn ní sàláámù, ètè ni wọ́n fi ń dáhùn. Bó bá se oúnjẹ, wọ́n á ní àwọn ti yó. Èmi tí mo mọ ohun tí wọ́n jẹ láti àárọ̀, mo mọ̀ pé wọn ò yó. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìrun ni, kó lọ bá wọn sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹni tó ń dá gbé láàárín yìnyín. Kí oṣù yẹn tó parí ni yóò padà, mi ò sì fẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣe ọmọdé mọ́, ibi tí ọmọ mi sì ń lọ kì í ṣe Ìkun tó wà nítòsí wa.

Ó ti lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé kan sọ̀rọ̀ ẹyẹ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa náà gbọ́, wọ́n ní kó wá. Níbi tiwa, nǹkan kì í bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé láìjẹ́ pé Mùsùlùmí fi àdúrà ṣí i, kí Kìrìsìtẹ́nì sì fi àdúrà pa á dé. Ọkọ mi ló máa ń ṣí i. Bí àwọn ò bá lọ, ẹlòmíràn ni yóò ṣí i, wọn ò sì fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n ní àwọn á wá.

Ọmọ mi ní kí n bá òun di yìnyín, kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn án. Mo da omi sínú abọ́ ńlá, mo gbé e sáàárín kótè nínú fíríìsà.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi ṣe àdúrà. Ó gùn díẹ̀. Wọ́n tọrọ fún ìjọba, wọ́n tọrọ fún àwọn tíṣà, wọ́n tọrọ fún ọ̀nà Ìkàrẹ́. Wọn ò tọrọ fún àlejò. Wọ́n jókòó.

Ọmọ mi ṣí yìnyín, ó ní kí àwọn ọmọ máa fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Àǹtí, ó ń rùn,” ọmọ kan sọ.

“Kótè ni,” èkejì rẹ̀ dáhùn.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Imú tèmi ti gbàgbé òórùn ẹja tipẹ́. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Bí ibẹ̀ ṣe ń rùn gan-an nìyẹn. Ẹja ni àwọn ẹyẹ náà ń jẹ, orí yìnyín ni wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí.” Ọ̀gá ilé-ìwé wò mí bí ẹni pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá fi àwòrán hàn wọ́n. Péńgúìnì ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Kì í fò, omi ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó ní èyí tó tóbi jù nínú wọn, bí ìyá bá yé ẹyin tán, yóò gbé e fún bàbá, yóò sì gba ojú òkun lọ wá oúnjẹ. Bàbá yóò gbé ẹyin lé ẹsẹ̀, yóò fi awọ ikùn bò ó, yóò dúró nínú òtútù títí ẹyin yóò fi pa. Kò ní jẹun.

“Kò ní jẹun bí i ti báwo?”

Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀.

“Kò ní jẹ nǹkan kan, Bàbá. Ó ju oṣù Ramadan lọ dáadáa.”

“Kò ní jẹ sààrì?”

“Kò ní, Bàbá.”

“Ìwọ fi ojú ara rẹ rí i?”

“Rárá o. Ìgbà òtútù ni, n kì í sí níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó rí i ló sọ fún mi.”

“Ṣé olóòótọ́ ni wọ́n?”

“Olóòótọ́ ni wọ́n, Bàbá.”

Wọ́n mi orí pé àwọn gbà. Ẹni tó ka hàdíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, bí wọ́n ṣe kà á, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wádìí.

Tíṣà obìnrin kan ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ibo la ti ń rí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ fẹ́?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kékeré kan tó wé híjáàbù nawọ́. “Àǹtí, wọ́n ní oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń kírun?”

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbéèrè náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kótè ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ ìdáhùn. Bí ọmọ mi bá ní òun kì í kírun, ó tán nìyẹn.

Ó nu ọwọ́ sí aṣọ. Kò wo ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

“Àkókò Ọ̀kà ni mo ń lò. Àwọn àáfà kan ní kéèyàn lo ti Mẹ́kà, àwọn kan ní kó lo ti ìlú tó bá sún mọ́ ọn. Èmi ń lo ti ibí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà, n ó pe Màmá mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n á wà nídìí ààrò ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa ròyìn ọjà fún mi, n ó sì máa retí. Bí Bàbá bá ti pèrun, n ó gbọ́ ọ nínú fóònù. Èmi náà á dìde, n ó kírun. Láti orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣírò àwọn yòókù.”

Mo ti rò pé ìròyìn ọjà ló ń dùn mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ jà ní Ìkàrẹ́ tí mi ò sọ fún un. Á máa ní, “Hẹn, Màmá. Hẹn.” Bí wọ́n bá ti pèrun, á ní òun ń lọ. Mo máa ń rò pé owó fóònù ló tán.

Ọkọ mi wú ikọ́.

“Sípíkà mọ́ṣáláṣí yẹn kò dáa,” ni wọ́n wí. “Ó ti ń ha láti ọdún tó kọjá.”

“Mò ń gbọ́ ọ, Bàbá. Ibi tí ẹ bá ti ń pe ‘háyà’ ló ti máa ń ha.”

“Ìwọ náà ń gbọ́ ọ?”

“Mò ń gbọ́ ọ.”

“Mo ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní kò ha.”

Pásítọ̀ fi àdúrà pa á dé. Tiwọn kò gùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ọmọ mi se kótè. Ọkọ mi jókòó tì í. Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ mi ní kí wọ́n tú sípíkà sílẹ̀ lórí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní Ìkàrẹ́. Itan mi ni mo gbé e lé nínú ọkọ̀ ní àlọ, mo sì gbé e lé orí páálí ẹja ní àbọ̀. Ọkọ mi ní ó ń rùn. Mo ní bí ibẹ̀ ṣe ń rùn nìyẹn.

Ọmọ wa ti padà lọ. Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá wọ̀ lẹ́yìn òkè, ọkọ mi á ti ṣe àlùwàlá. Wọ́n á kọ́kọ́ yọjú sí mi lórí ògiri mọ́ṣáláṣí.

“Ṣé fóònù wà níta?”

“Ó wà níta.”

Ìgbà náà ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀.