Ìwé Àgógó Igún Mẹ́sàn-án

Orí kunkun ẹ̀gbọ́n mi, Adédoyin, kì í ṣe kékeré. Tíṣà ni ní Ajue, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká nínú àwòrán yíyà.

Lọ́dún 1984, lábẹ́ ìjọba ṣọ́jà, ìgò òfìfo nìkan ló kù ní dìsípẹ́ńsárì wa. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá mú bírò, ó ya àgógó igún, ewé ààtàn tí àwọn ìyá wa fi ń fọ egbò. Ó ya òdòdó rẹ̀ funfun kéékèèké, lórí ọ̀pá tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ẹnu igún. Ó ní mọ̀lẹ́bí ni ewé yìí àti igi ọmọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, mo rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́sàn-án ló yà fún àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé. Ó wá ya abọ́ tí wọn yóò fi fọ egbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé náà.

Abọ́ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Àsíátù, ìyàwó ọkùnrin kan tó ń bá olóko tọ́jú kòkó ní Omifunfun, se ewé náà fún Fàwáz ọmọ rẹ̀ mu. Ọjọ́ méjì lọmọ fi bì kí ara rẹ̀ tó yá.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àsíátù na ìwé sí i: "Tíṣà, abọ́ lẹ yà. Kí la ó fi abọ́ ṣe bí kò ṣe ká mu nǹkan inú rẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ní egbò dà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé padà láti ilé dé ilé. Mo ní kó sinmi.

"Kí n sinmi, kí ẹlòmíì máa mu àṣìṣe mi?"

Ó gba mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án wà lọ́wọ́ Baba Ọlọ́rundáre ní Agbabu. Kò sí mọ́tò, kò sí epo. Ẹsẹ̀ la fi rìn nínú òjò, tí mo ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.

A bá Baba pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lẹ́nu.

"Baba, ẹ má mu ún!" N kò gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi pariwo mọ́ àgbà rí.

"Ìwé rẹ ló ní kí n mu ún."

Ó gba kọ́ọ̀bù, ó da omi náà sínú abọ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ Baba tó ní egbò sínú rẹ̀. Òjò ti ba bírò wa jẹ́. Ó ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ọ̀dà dúdú tó ń sun látinú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì ya ẹsẹ̀ yẹn sínú abọ́ orí ìwé, pẹ̀lú ìka mẹ́rin tó ṣẹ́ kù fún Baba.

Ọ̀dọ̀ Àsíátù ló kọ́kọ́ gbé ìwé náà lọ. Ó nawọ́ rẹ̀ sí i. Àsíátù wò ó títí.

"Fífọ̀ ni," ó ní. "Kì í ṣe mímu."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún.