Èmi Ni Mo Kọ Ìwé, Bùọ̀dá Mi Ló Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ bá mi jókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí àkọlé ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Bí ariwo mi bá pọ̀ jù, ẹ forí jì mí!

Tíṣà ni mí níbí, ní Accra. Sabon Zongo ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Màmá wa ń ta abọ́ táńganran ní ọjà Kaneshie. Àwọn ará Ghana ń pè wọ́n ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe oníṣòwò tó bá ti Nàìjíríà wá. Àwa Yorùbá ń pè wọ́n ní Ìyá Múfú, torí Bùọ̀dá Múfú ni àkọ́bí, èmi ni àbíkẹ́yìn. Ẹ ṣáà mọ bí tiwa ṣe rí: obìnrin bá ti bímọ, orúkọ tiẹ̀ parí nìyẹn!

Ìtàn ayé màmá wa ni mo kọ. Bí wọ́n bá ti ọjà dé, tí wọ́n jẹun tán, màá jókòó tì wọ́n, màá máa bi wọ́n léèrè. Wọ́n sọ bí àwọn àti àǹtí wọn ṣe jókòó sórí ẹrù nínú lọ́rì láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé ibí. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń kiri abọ́ ní Jamestown láàárín àwọn tó ń yan ẹja, wọn ò gbọ́ Gà, wọn ò gbọ́ Twi, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń dúnàá-dúrà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Nígbà tó kan àkọlé, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀! Mo kọ́kọ́ ní kí n pè é ní Abọ́ Kaneshie. Ó wá dà bí ìgbà tí mò ń polówó ọjà. Mo ní Akíkanjú Obìnrin. Hà! Ìyá ta ni wọn ò tíì pè bẹ́ẹ̀? Ìgbà tó yá ni mo bi ara mi pé ta gan-an ni mò ń kọ ìtàn ẹ̀? Rábíátù Àṣàkẹ́ ni! Mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Rábíátù Àṣàkẹ́. Ó tán.

Mo lọ sọ fún màmá. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo fi ìtìjú tún un pè. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pe àwọn bẹ́ẹ̀, bóyá láti ìgbà tí ìyá tiwọn ti kú. Wọ́n ní ó dùn mọ́ àwọn.

Mo gbé iṣẹ́ náà fún òǹtẹ̀wé kan, Ọ̀gbẹ́ni Mensah, ní Accra New Town. Ìdánwò wá dé níléèwé, mi ò ráyè. Iná sì ń lọ, iná ń bọ̀ nígbà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní dumsor níbí, kò jẹ́ kí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo bẹ Bùọ̀dá Múfú pé kó bá mi yà níbẹ̀, kó wò ó bóyá iṣẹ́ ń lọ. Kó yà wò ó ni mo wí o! Ta ló ní kó fọwọ́ kan nǹkan? (Ẹ ó rí i pé n ò fi ọ̀wọ̀ pè é. Inú ló ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́!)

Ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti gbọ́? Nínú trotro, ọkọ̀ èrò ibí! Mo ṣí Wátsáàpù ẹbí wa, gbogbo wọn ń kí Bùọ̀dá Múfú kú oríire. Oríire kí ni? Mo wo fọ́tò tó fi síbẹ̀. Kọ́fà ìwé mi ni! Wọ́n kọ ÌYÁ MÚFÚ sí i gàdàgbà. Fọ́tò màmá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kékeré. Bùọ̀dá mi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì nínú agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Orúkọ èmi tí mo kọ̀wé wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé èmi ni mò ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

Orí mi gbóná! Mo kígbe "Múfú!" láìsí bùọ̀dá níwájú ẹ̀, gbogbo èrò yíjú sí mi. Mate tó ń gba owó ọkọ̀ ní ṣé mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ni. Mo bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, mo wọ òmíràn, ó di ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé.

Ọ̀gbẹ́ni Mensah rí ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí: kosɛ, madam, kosɛ. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi sọ fóun pé ìpinnu ẹbí ni, òun ò sì lè bá àgbàlagbà jiyàn. Ìpinnu ẹbí wo? Ẹbí ló jókòó kọ̀wé? Ó tún ní kosɛ. Wọ́n ti tẹ gbogbo kọ́fà, àfi kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ló kù. Mo ní bó bá lẹ ẹyọ kan ṣoṣo mọ́ ìwé mi, àgọ́ ọlọ́pàá la ó ti rí ara wa!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá Bùọ̀dá Múfú ní pálọ̀ màmá. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Ó ní aláfojúdi ni mí. Ó ní ta ni mo gbọ́ pé ó gbé orúkọ ìyá ẹ̀ sórí ìwé gbàgẹ̀rẹ̀, kí tọmọdé tàgbà máa pè é kiri Accra? Ó tún ní ta ló mọ Rábíátù? Ìyá Múfú ni gbogbo ọjà mọ̀, òun ni yóò sì tà.

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ àfojúdi yẹn dùn mí, torí wọ́n kọ́ èmi náà nílé. Ṣùgbọ́n agbádá ńkọ́? Ṣé ọ̀wọ̀ màmá ló gbé agbádá dé orí kọ́fà? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó pariwo. Èmi náà pariwo. Màmá jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ká aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.

Bùọ̀dá mi wá yíjú sí wọn, ó ní kí màmá fẹnu ara wọn sọ ọ́, kí n lè gbọ́n. Màmá gbé aṣọ sílẹ̀.

"Múfú, nígbà tí mò ń kiri abọ́ ní Jamestown, ìwọ ò tíì sí láyé. Mi ò tíì mọ bàbá ẹ pàápàá. Ìyá ta ni mò ń jẹ́ nígbà yẹn?"

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Dá mi lóhùn. Ìyá ta ni?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ̀, ó jáde. Títí di òní, kò bẹ̀ mí, kò bẹ màmá. Ọjọ́ tí a kó ìwé jáde, kò wá. Kó má wá! Ọ̀gbẹ́ni Mensah tún kọ́fà tẹ̀, orúkọ màmá ló wà lórí ẹ̀, àwọn nìkan ló sì wà nínú fọ́tò.

Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé, ẹ gbọ́ o! Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹ fi ojú ara yín rí kọ́fà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì ń wá àkọlé, ẹ bi ara yín pé ta ló gbé ayé tó wà nínú ìwé náà, kí ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn wá jókòó sórí ẹ̀.

Ta ni wọ́n ti ṣe irú èyí fún rí? Ẹ sọ tiyín fún mi. Kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ìyá yín sísàlẹ̀ ibí. Orúkọ tiwọn gan-an ni mo wí o, kì í ṣe ìyá lágbájá. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dìde báyìí, kí ẹ lọ bi wọ́n.