Ìdákẹ́ tó wà nínú orin Tantí

Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni mo wà nígbà tí rédíò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Tantí, àbúrò ìyá mi. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ jáàsì ló tún un kọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun láti fi yẹ́ wọn sí. Láàárín orin, ó dákẹ́, bí Tantí ṣe dákẹ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì wọn tó kẹ́yìn.

“Ẹ gbọ́ ìdákẹ́ yẹn! Ó dùn ju orin lọ,” ni aránṣọ wí.

Àdúgbò Kajẹhun lèmi àti Tantí ń gbé nígbà tí wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì yẹn, bàálù a máa fò gba orí òrùlé wa. Bí Tantí bá ń gba orin sórí kásẹ́ẹ̀tì tí bàálù ń bọ̀, wọn á dákẹ́, wọn á fi ìka kan ètè kí èmi náà lè dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Tantí ń gba orin, wọ́n fi ìka kan ètè. Mo wòkè, mi ò rí bàálù kankan. Ọkọ̀ dúdú kan ló dúró lẹ́nu géètì. Ẹja ń jóná lórí iná, kò sẹ́ni tó lọ yí i. Tantí rọra kọ ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n wọ bàtà, wọ́n sì jáde.

Títí dòní, a ò mọ ibi tí ọkọ̀ yẹn gbé wọn lọ.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n jáde, kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń yí. Mo jókòó tì í, mo pa ẹnu mọ́, mò ń retí kí bàálù kọjá.