Àdúrà Tó Dá Mi Dúró Lórí Òkè

Ọjọ́ tí mo fẹ́ di ẹni tó yára jù lọ láti sá la àwọn òkè Ìdànrè já kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Kò sí òkè ní Mowe tí mò ń gbé. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ibafo ni mo fi ń dánra wò.

Láti ìdájí ni mo ti ń sá, aago ọwọ́ mi sì fi hàn pé mo ti ń yára ju ẹni tó yára jù lọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní orí òkè tó kẹ́yìn, mo pàdé ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná. Mo kúnlẹ̀ wéré kí wọn. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí wúre.

Ta ló ń dìde nígbà tí àgbà ń wúre? Àkókò ń lọ.

“O ò ní ṣubú gbé.”

“Àmín, mà.”

Bí wọ́n ṣe parí, mo sáré sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àpáta. Mo yí gbirigbiri dé etí ọ̀gbun kí ọwọ́ mi tó ba gbòǹgbò igi kan.

Mo dì í mú gòkè padà, mo sì sá dé òpin, àmọ́ díẹ̀ báyìí ni mo fi pẹ́ ju ẹni tó yára jù lọ tẹ́lẹ̀ náà lọ. Mo fi omijé ròyìn gbogbo rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù, mo ní àdúrà ló bà á jẹ́.

Wọ́n bi mí pé, “Ṣé o wá ṣubú gbé?”